Kìnnìún Tó Jọ Mí

Mo fi ojú ara mi sí ojú kìnnìún, n kò sì mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in báyìí, èmi náà ti rín tèmi tán.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi sìmẹ́ńtì mọ ẹranko sórí òpó géètì. Àwọn ará Ẹ̀jìgbò tó ti Àbíjàn dé fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀: wọ́n á kọ́lé tán, wọ́n á ní ilé ò tíì pé àfi tí idì tàbí kìnnìún bá ń ṣọ́ ọ. Irin la kọ́kọ́ ń tẹ̀ bí egungun, kí sìmẹ́ńtì tó bò ó bí ẹran ara. Ọ̀gá mi, Bàbá Làmídì, ní àṣà kan. Kí wọ́n tó fi ojú sí ẹranko, wọ́n á pe ẹni tó bá ń kọjá: "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí níbí?" Bí onítọ̀hún bá ní ajá ni, Bàbá á tú orí náà palẹ̀, wọ́n á tún un mọ. Wọn ò bínú rí.

Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń ṣe, títí mo fi mọ kìnnìún méjì kan ní Ìsúndúnrin. Ọlọ́kadà ń dúró wò wọ́n. Obìnrin kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín yìí kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn." Ó yẹ kí n dúpẹ́ kí n máa lọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́. Ta ni kí n bi? Ìyàwó mi ní kí n bá òun gbé garawa, mo ní ọwọ́ yìí kì í gbé garawa.

"Ó dáa," ló wí, "kí ọwọ́ náà má kan ẹ̀bà o."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Rúùtù, tó ta aṣọ ní Àbíjàn títí wọ́n fi darúgbó, ní kí n mọ kìnnìún kan fún ìdúpẹ́ ilé tuntun òun. Ọjọ́ tí mo ṣí tapólì tí mo fi bò ó, Ìyá Rúùtù wo kìnnìún, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo kìnnìún. Imú mi ni. Èjí ẹnu mi ni.

"Mọ̀ndiẹ̀! Ọlọ́run mi o! Ṣé ìwọ nìyí?"

"Kìnnìún ni, mà."

"Kìnnìún tó léjí? Gbọ́, ọmọ mi. Mi ò kọ́lé kí n lè máa kí ẹ káàárọ̀ lẹ́nu géètì mi. Fọ́ ọ. Bí òmíràn ò bá dé kí ìdúpẹ́ tó dé, màá pe ẹlòmíràn."

Mo fi òòlù fọ́ imú ara mi.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn, irin wà, sìmẹ́ńtì wà, ọwọ́ ò sí. Mo bu sìmẹ́ńtì, mo tún dà á nù. Kìnnìún àná di òròmọdìyẹ. Nígbà tí mo gbóhùn Ìyá Rúùtù lójúde, ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà jáde, mo gun ọ̀kadà dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, mo ní iṣu ni mo wá rà. Iṣu sì kún ilé wa.

"Bàbá Ṣadé," ìyàwó mi wí, "kí ẹ̀rù yín tó fi iṣu lé wa jáde, ẹ lọ bá ọ̀gá yín."

Oko ẹ̀gẹ́ wọn ní Ọ̀lá ni mo ti bá Bàbá Làmídì. Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ọwọ́ mi ti kú."

"Ta ló bá ẹ sin ín?"

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹ̀gẹ́ mú, wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo gbé bọ̀ wálé. Mo mọ orí tuntun, mo pe obìnrin kan tó ru igi. Ó ní ewúrẹ́ ni. Mo tú u palẹ̀, mo tún un mọ. Kí ẹni kejì tó dáhùn, ẹ̀rù kìnnìún ti mú un sún sẹ́yìn. Abẹ́ kìnnìún yẹn ni Ìyá Rúùtù ti ṣèdúpẹ́, kò sì jọ ẹnì kankan nílé wa. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá yìn mí, bí wọ́n bá bú mi, ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ láàárín ẹ̀gẹ́ ni mo ń rántí:

"Wọ́n yìn ẹ́, o ní ìwọ ni kìnnìún. Wọ́n bú ẹ, o ní o ti kú. Ọ̀nà tí kìnnìún ń gbà wọ̀lú lásán ni ẹ́. Bí ọ̀nà bá wá ń pe ara rẹ̀ ní àlejò, ibo ni kí àlejò gbà?"