Bàálù Tó Ń Fìdí Jókòó

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ti kọjá díẹ̀ nígbà tí bàálù oníke kékeré náà fìdí jókòó. Aláago ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí tábìlì ni, ó yọ ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí ẹ̀rín náà tó tán lẹ́nu rẹ̀, imú bàálù ti gbéra, ó ń wo òkè àjà, ìrù rẹ̀ sì gbá tábìlì, kò! Ó tún un gbé kalẹ̀. Ó tún jókòó. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà ti mọ ohun tó fà á. Ó gbójú sókè wo pẹpẹ. Agolo mílíìkì tó kó òjé wẹ́wẹ́ sí wà níbẹ̀, ó kún dẹ́nu. Kò lò nínú rẹ̀ rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ọmọdé là ń sọ. Aláago ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ogójì ọdún ló fi tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ, Ọwọ́-Kì-í-Gbọ̀n sì ni àwọn oníbàárà sọ ọ́, torí ó lè fi ẹ̀mú mú ìdè inú aago tó kéré ju hóró yanrìn lọ kó má jábọ́. Lọ́dún tó kọjá ló ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó ní ó ti rẹ òun. Irọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀, nọ́ọ̀sì lòun kó tó fẹ̀yìn tì, ta ló fẹ́ fi irú ìyẹn pamọ́ fún?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ bàálù. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n yìí fi ṣe mẹkáníìkì ní pápá bàálù, bàálù akẹ́rù kan ṣoṣo ló sì tọ́jú ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó mọ̀ ọ́n ju bó ṣe mọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, ìyẹn kì í yé fi ọ̀rọ̀ náà bú u. Wọ́n ti gé bàálù náà wẹ́wẹ́ báyìí, wọ́n ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ojú ẹ̀gbọ́n náà sì ti ń lọ. Dókítà ní kò sí ohun tó lè dá a padà, pé tó bá fi máa di ìparí ọdún, ìmọ́lẹ̀ lásán lá kù tí á máa rí. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́ lórí fóònù, kò sunkún, kò ráhùn.

"Àbúrò," ó ní, "kí ojú yìí tó lọ tán, ó wù mí kí n tún bàálù mi rí lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ẹ máa rí i," ni Aláago dá a lóhùn. Ó ti ṣèlérí tán kó tó ro bó ṣe máa mú un ṣẹ.

Ọ̀rọ̀ ìlérí yẹn ló gbé e dé ìdí àpótí bàálù oníke, irú èyí téèyàn máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Ó wá a títí kó tó rí irú bàálù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tó sì rí, ó ti gbó lórí àtẹ. Ẹ̀yà ọgọ́fà ló wà nínú àpótí, ọ̀kan ò sì fẹ́ rí ọ̀kan sójú. Ìlàjì ara bàálù lápá òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ. Apá rẹ̀ wọ́, àfìgbà tó rì í sínú omi gbígbóná kó tó nà. Àwọn ìṣó tí wọ́n yà sára rẹ̀ yọ sókè bí ẹ̀ẹ̀kẹ́ ọ̀dọ́ tó kún fún rorẹ́. Ẹlòmíì á ti dà á sínú àpò ìdọ̀tí. Aláago fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ó wá fi abẹ́rẹ́ fa ìlà tuntun síbi tí ìlà wà lára bàálù gidi, ó ń wo àwọn fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi ránṣẹ́ látijọ́. Ó fi pọ́tì dí gbogbo àlàfo. Ó ṣe ìjókòó fún awakọ̀ àti igbá-kejì rẹ̀, ó ṣe àwọn aago kéékèèké tó wà níwájú wọn, èyí tí kò sí nínú àpótí rárá. Oṣù márùn-ún ni. Ohun tí ì bá fi wákàtí kan ṣe tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kan ló ń gbà á, torí ó ní láti gbé ọrùn-ọwọ́ lé àpò yanrìn, kó dúró de ìgbà tí ìgbọ̀n náà bá dẹwọ́ díẹ̀.

Ìwé inú àpótí kìlọ̀ fún un. Ó ní kó di òjé sí imú bàálù kó tó lẹ ìlàjì méjèèjì pọ̀, torí ẹ̀yìn wúwo ju iwájú lọ. Aláago ka ìkìlọ̀ yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó tiẹ̀ gbé agolo òjé sí iwájú ara rẹ̀ gan-an kó má baà gbàgbé. Ọjọ́ yẹn ló wá rántí àlẹ̀mọ́. Ní ọdún kan, ọkọ̀ akẹ́rù gbá bàálù gidi náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, lábẹ́ wíńdò kẹrin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gé páànù, tó fi ìṣó kàn án bò ó. Kò sí ìpàdé ẹbí tí kì í ti í sọ ìtàn náà, kì í sì í kúrú. Ni Aláago bá ya bébà fàdákà tó ṣẹ́kù lẹ́nu agolo mílíìkì, ó gé e bí èékánná, ó lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ tẹ ìṣó sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi pa bàálù dé, tó fún un ní gúlùú, tó sì gbé agolo padà sórí pẹpẹ. Agolo yẹn gan-an ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ o.

Láàárọ̀ Sátidé yìí, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń mí, ó yọjú. Ó wo bàálù, ó wo ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n máa dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fẹ́ fi mọ́tò gbé e wá láti ìlú kejì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ojú yẹn ṣì máa lè rí nǹkan nígbà mìíràn tó bá wá.

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó ní, "kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn fi nǹkan tì í nídìí?"

"Ṣé o ti rí bàálù tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bí arúgbó rí?"

Ó jágbe mọ́ obìnrin náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyẹn pòṣé, kò lọ, ó fa àga, ó jókòó.

Aláago rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Tó bá fi ayùn la ara bàálù, ó ti tán nìyẹn, ọ̀dà, ìlà àti àlẹ̀mọ́, gbogbo rẹ̀ ló máa bá a lọ. Ọ̀nà kan ló kù. Ihò kan wà lábẹ́ imú, níbi tí ẹsẹ̀ iwájú ti wọlé. Bó bá dá ihò mìíràn sí ògiri tó wà níbẹ̀, kó máà fẹ̀ ju orí ìṣáná lọ, ó lè máa fi òjé wọlé ní hóró hóró. Ṣùgbọ́n irin ìdáhò kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bó bá yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó fọ́ gíláàsì iwájú. Bó bá yẹ̀ sósì, ó ṣẹ́ ẹsẹ̀. Ọwọ́ tó sì fẹ́ mú irin náà ti ń gbọ̀n láti ìgbà tó ti rí agolo yẹn.

"Bá mi dì í mú," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ lọ fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá, ó bọ́ òrùka, ó da bàálù délẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó dì í mú bó ṣe máa ń di apá ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Aláago há awò rẹ̀ mọ́ ojú. Ó ń yí irin náà díẹ̀díẹ̀, ó ń mí, ó ń dúró, ó tún ń yí i, bí ẹní ń yọ jìgá. Òógùn ń kán sórí tábìlì. Lójijì ni irin yẹ̀. Ó rí i wọ àtàǹpàkò ìyàwó rẹ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀ tó yọ. Obìnrin náà kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ yẹ̀ níbi tó wà.

"Ẹ máa báṣẹ́ lọ," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kó kán sára ọ̀dà."

Ìtìjú bo Aláago. Ó fi òwú nu ẹ̀jẹ̀ náà. Ó padà sídìí iṣẹ́. Aago mọ́kànlá ti lù kí ihò náà tó dá lu. Ó wá ń fi ẹ̀mú mú òjé, ọ̀kan, gúlùú, ọ̀kan, gúlùú. Èyí tó jábọ́ pọ̀ ju èyí tó wọlé lọ. Nígbà tó di ìkọkànlélógójì, kò gbà mọ́. Ìjókòó awakọ̀ àti aago kéékèèké tó fi ṣe fáàrí sínú imú ti gba àyè. Ó gbé bàálù kalẹ̀ nígbà tí gúlùú gbẹ. Ó dúró. Imú rẹ̀ ń mì, ó ń ronú bóyá kóun gbéra, ó sì dúró.

Báyìí ni wọ́n ṣe pa fáànù, wọ́n ti wíńdò, wọ́n ń rìn nínú ilé bíi pé òkú wà ńbẹ̀. Aláago ò jẹun ọ̀sán. Ó jókòó ti tábìlì, ó ń wo táyà iwájú, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wúkọ́.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mọ́tò fun fèrè nísàlẹ̀. Ìyàwó lọ pàdé wọn. Ẹ̀gbọ́n ti ní kí ọmọ rẹ̀ máa lọ ra epo sí mọ́tò, kó tó padà wá mú òun. Bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó di apá ìyàwó àbúrò rẹ̀ mú, ó ń ka àtẹ̀gùn lábẹ́nu. Ìyàwó gbọ́ ọ, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó fà á dé ìdí àga, ó ní kó jókòó, ó sọ fún un pé bàálù rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ gan-an.

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí tábìlì.

"Ó dára," ó ní. "O ṣe é dáadáa. Ó dára gan-an."

Aláago dúró kó sọ̀rọ̀ sí i. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n wo abẹ́ wíńdò kẹrin, lápá òsì. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti rí i, pé ó dára. Ìyẹn dun Aláago wọra. Oṣù márùn-ún! Ọkùnrin tí kì í sọ ìtàn àlẹ̀mọ́ tán kí oúnjẹ tó tutù, ṣé "ó dára" ló kù tó mọ̀ ọ́n sọ? Inú bí i, ó sì tún ń bẹ̀rù, ó ń rò ó bóyá ohun kan wà tóun ṣe tí kò jọ bàálù náà.

Ìyàwó gbé omi wá. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí i, ó ṣì í mú, orúnkún rẹ̀ gbá ẹsẹ̀ tábìlì. Imú bàálù gbéra. Ìrù rẹ̀ gbá tábìlì, kò!

Aláago di ojú. Ó parí, ó sọ nínú ọkàn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́.

"Ta ló yọ ọ̀pá ìdí ẹ̀?"

Ohùn yẹn kì í ṣe ohùn ẹni tó ń sọ pé ó dára lẹ́ẹ̀kan. Ohùn pápá ni, ohùn ẹni tó ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ wí. Ẹ̀gbọ́n ti fara síwájú, gbogbo ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀pá wo?" Aláago bi í.

"Ọ̀pá ìdí. Ẹ̀yìn la ti ń kó ẹrù sí i, bẹ́ ẹ bá gbàgbé láti fi ọ̀pá tì í nídìí, ó jókòó nìyẹn. Àràárọ̀ ni mo máa ń fi sí i kẹ́nikẹ́ni tó gun inú ẹ̀. Kò sí nínú fọ́tò, àwọn ayafọ́tò máa ń ní ká yọ ọ́, pé kò dùn-ún wò. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbàgbé. Ìró yẹn, gbogbo pápá ló gbọ́ ọ." Ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà lọ. "Àbúrò, ojú mi ti lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Mo ní kọ́mọ yẹn má sọ fún yín, torí wàhálà tó o ti ṣe. Mi ò rí nǹkan kan látìgbà tí mo ti jókòó. Ṣùgbọ́n ìró bó ṣe jókòó yẹn, òun ni. Bàálù mi ni."

Ìyàwó nu ojú. Aláago dìde, ó ṣẹ́ igi ìṣáná, ó fi abẹ gé e bó ṣe rò pé ó máa ga tó, ó sì fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ìka wọn kanra. Ẹ̀gbọ́n kò gba igi náà, ọwọ́ ló dì mú.

"Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n."

"Láti ọdún tó kọjá ni."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n kẹ́dùn. Ó gba igi ìṣáná, ó fi ọwọ́ kejì wá ìrù bàálù, ó gbé e sókè, ó ti igi bọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò wá ibì kankan. Bàálù dúró ṣinṣin. Ìka rẹ̀ wá ń lọ lára rẹ̀ láti iwájú, ó ń ka wíńdò. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró. Ó fi orí ìka pa àlẹ̀mọ́ náà lára lọ, ó pa á lára bọ̀, ó ń ka ìṣó lábẹ́nu.

"Ìṣó mélòó lo fi sí i?"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n."

"Ọgbọ̀n ni. Ó ku méjì. Mú abẹ́rẹ́ ẹ wá."

Aláago mú abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n fi ìka hàn án níbi tí méjèèjì wà, ó wá di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, bí wọ́n ṣe ń di irin mú kí wọ́n tó lu ìṣó. Wọ́n tẹ èkíní. Wọ́n tẹ èkejì. Èkejì wọ́ díẹ̀.