Lẹ́tà Rìbìtì Lórí Ṣọ́ọ̀bù Màmá Mi

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dúró ṣánṣán!”

Màmá mi ń pariwo nísàlẹ̀ àkàbà, ọ̀dà pupa ń kán sílẹ̀, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Bàbá tó ń kọ pátákó ládùúgbò wa l'Ágbowó ò tiẹ̀ wolẹ̀. Wọ́n ń súfèé ní tiwọn, wọ́n ń fa lẹ́tà tó sanra rìbìtì, tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọmọdé tó fẹ́ sáré. “Ilé Oògùn” ni wọ́n ń kọ o. Ilé oògùn!

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni. Màmá mi ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ní ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bí kò bá tà, Ṣakí la ń padà sí, wọ́n sì ti sọ fún wa. Àwọn wo ló wá ń yà wọlé? Ọmọdé! “Ẹ ta gúgúrú fún mi.” “Ẹ ta áísìkiriìmù.” Àwọn àgbàlagbà á wo pátákó, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á gbé ibà wọn lọ sí òpópónà kejì.

Màmá bẹ bàbá títí. Bàbá á gbé búrọ́ọ̀ṣì wá, wọn á ní àwọn fẹ́ tún un ṣe, lẹ́tà á tún wá sanra sí i!

“Ìyàwó, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ló ń bọ̀ níbí. Ṣé kí pátákó náà tún máa fajú ro sí i ni?”

“Bàbá, mi ò ní kí wọ́n wá ṣeré. Oògùn ni mo ní kí wọ́n wá rà!”

Nígbà tó sú màmá, wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ pátákó ní Dùgbẹ̀. Lẹ́tà dúdú gbọọrọ ni tiẹ̀, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́, èrò dé. A ò lọ sí Ṣakí mọ́. Bàbá wo pátákó tuntun náà, wọ́n ní, “Ó dáa náà,” wọ́n bá tiwọn lọ. Ó dùn wọ́n, mo rí i lójú wọn. Inú bí mi sí màmá, inú bí mi sí bàbá náà.

Nígbà tó yá, ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọn ò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́. Ọ̀dọ̀ wa náà ni wọ́n wá ra oògùn. Màmá ka oògùn sínú àpòòwé kékeré, wọ́n mú báírò, wọ́n wo ọwọ́ bàbá. Ni màmá mi bá rọra kọ “Àárọ̀ kan, alẹ́ kan” ní lẹ́tà rìbìtì tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń fahọ́n lá ètè bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó burú jáì.

Bàbá wò ó pẹ́. “Ìyàwó, o ò mà mọ̀ ọ́n kọ rárá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Èmi náà ń ta oògùn báyìí, ní Ṣálẹ́ńjì. Mo ní ẹ̀rọ tó ń tẹ bí wọn á ṣe lo oògùn jáde kíá. Àmọ́ bí arúgbó kan bá ti na ọwọ́ tó ń gbọ̀n sí mi, ó parí, mo ti ń wá báírò nìyẹn. Ẹ ò rí wàhálà! Èrò á máa pòṣé lẹ́yìn, lẹ́tà rìbìtì náà ò ní rí bó ṣe yẹ kó rí, inú á máa bí mi sí ara mi. Mo ṣáà ń kọ ọ́.