Ife Màmá Hauwa

Mo ba inú àgbàlagbà kan jẹ́ lónìí, ọkàn mi ò sì balẹ̀ látìgbà náà.

Ife tí àwọn ìdílé yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe tiwọn ni mo ń kó jọ, tí mo fi ṣe iṣẹ́ ọnà. Mo so wọ́n rọ̀ káàkiri gbọ̀ngàn kan ní Malali. Màmá mi náà fún mi ní ọ̀kan. Mi ò bèèrè ẹni tó ń lò ó.

Màmá Hauwa, aládùúgbò wa ní Nasarawa, tó kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ màmá mi, wá wò ó. Ó kàn bú sẹ́rìn-ín.

"Kai! Kọ́ọ̀pù mi rèé! Màmá ẹ kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fi mu omi. Ó fẹ́ràn mi gan-an."

Kò lè ka Yorùbá, ló bá ní kí n ka ohun tí mo kọ sára ògiri fún òun. Mi ò lè parọ́ fún un.

"Ife àwọn tí a ò fẹ́ bá mu nínú ife kan náà."

"Ashe? Bẹ́ẹ̀ ló rí?" Ó tún wo ife náà. "Gbogbo ọdún yẹn?"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, kí n bá òun kí màmá mi. Omi tí mo gbé fún un, kò mu ún.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé irú ife yìí wà nílé tiyín? Ta lẹ fi ń bu omi fún?