Bàálù Ogun Tí Ó Parí Sórí Ìwé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Rexdale lókè òkun, owú kan wà nínú mi tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń jowú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá wa. Kí wọ́n tó dé láti shift, ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó òyìnbó kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa la máa ń dúró sí lẹ́yìn ilé-ìwé. Yíya àwòrán bàálù ni bàbá yìí fi ṣe iṣẹ́ nígbà tí agbára wà. Èyí tí ó fẹ́ràn jù ni bàálù ogun kan tí ì bá máa sáré ju ìró lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, tí ì bá máa yọ́ wo ibùdó ọ̀tá láti òkè réré, tí ì bá sì lè ju bọ́ǹbù. Ó pẹ́ tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń yà á. Lọ́jọ́ kan ni ìjọba ní àwọn kò ṣe mọ́. Wọn kò kan ìṣó kan ṣoṣo. Ìwé ńlá kan péré tí wọ́n yà á sí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ àwòrán yà. Bàbá á fà á jókòó tì í, á máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà ìyẹ́ bàálù. Bí èmi náà bá mú pẹ́ńsùlù, á ní, "Ọwọ́ tìẹ ń kánjú jù. Lọ bá wa gbé bisikíìtì wá." Àyà mi á máa ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á.

Lọ́jọ́ tí ó ká ìwé ńlá yẹn, tí ó fi ta ẹ̀gbọ́n mi lọ́rẹ, n kò lè mú un mọ́ra. Mo mọ̀ pé bọ́ǹbù tó wá láti òfurufú ló pa àbúrò ìyá wa lójú ogun nílé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí Mọ́mì wá mú wa wọlé lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi lọ sí balùwẹ̀. Bí Mọ́mì ṣe ń bọ́ bàtà ni mo ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo ohun tí bàbá yẹn ń kọ́ Sístà. Bàálù tó ń ju bọ́ǹbù ni!"

Mọ́mì kò pariwo. Wọ́n gbé ìwé náà, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn bàbá. Mo tẹ̀lé wọn.

Bàbá ní, "Màdáàmù, kò pa ẹnikẹ́ni rí. Wọn ò ṣe é."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ ń bá mi mójú tó wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ní yà á."

Bàbá gba ìwé náà, ó tún un ká. Gbogbo ohun tí Mọ́mì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ni pé ìwé ti padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, a ò sì ní lọ síbẹ̀ mọ́. Inú mi dùn fún ọjọ́ méjì gbáko.

Ní winter tó kọjá, nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Whitby, mo jẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo rò pé bàbá ló gbà á padà. Mo rò pé ó rí i pé n ò mọ̀ ọ́n yà tó." Láti ìgbà náà ni kò ti yàwòrán mọ́.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ọmọ tó bá fẹ́ mọ bàálù yà, kọ̀ǹpútà á kọ́ ọ, á kọ́ àbúrò rẹ̀ náà, kò sí ẹni tó ń dúró kí àgbàlagbà kan yan ẹni tó fẹ́ràn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń wakọ̀ bọ̀ láti Whitby lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ohun tí mo fi ṣe ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo ń rò. Mo ń rò ó pé bàbá yẹn fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, owú àtijọ́ yẹn sì tún ń dùn mí.