Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ilé Òfì

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ mọ bí mo ṣe ń ṣàwàdà: àwọn ahunṣọ méje da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn nítorí mi. Kì í ṣe pé wọ́n ń jà fún mi o. Èmi gan-an ni wọ́n ń bá jà.

Yunifásítì kan ní Ìbàdàn ni mo wà nígbà náà, mò ń kọ́ nípa àjọṣe òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Bí mo bá dárúkọ ẹ̀kọ́ náà nílé, ìyá mi á ní, "Ṣé lọ́yà nìyẹn àbí dókítà?" Kí wọ́n tó lè fún èèyàn ní dìgírì nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n ń bèèrè pọ̀: òfin iṣẹ́, ètò ọrọ̀-ajé, ìṣirò tó ń fọ́ni lórí, àti àpilẹ̀kọ gígùn kan ní ọdún ìkẹyìn. Ìwọ̀nyẹn kò bà mí lẹ́rù. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a gbọ́dọ̀ lò níbi iṣẹ́ kan, láàrin òṣìṣẹ́ gidi. Ilé iṣẹ́ tó ti gbà mí ní Ìbàdàn yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀. Olùkọ́ mi, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, ní kí n wá ibòmíràn, àti pé bí fọ́ọ̀mù tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fọwọ́ sí kò bá dé ọ̀dọ̀ òun kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, màá tún odidi ọdún kan ṣe.

Mo bá gbé báàgì mi, ó di Ìsẹ́yìn, ní ilé òfì ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, torí inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí rẹ̀. Páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, kò ní ògiri níwájú. Àwọn ahunṣọ jókòó ní ìlà kan, òwú nà jáde láti iwájú wọn, ó gba orí ilẹ̀ pupa lọ jìnnà, òkúta ńlá sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ tó ń fà á le. Bí ẹnì kan bá ti òwú sọdá láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, igi òfì rẹ̀ á ró, ti ẹnì kejì á dáhùn, báyìí báyìí títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Rédíò kékeré kan ń sọ̀rọ̀ nínú ariwo náà, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Àwọn kan nínú wọn ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n. Ariwo igi yẹn ṣì wà létí mi.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé àti báírò.

"Wákàtí mélòó lẹ fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́?"

"Títí ìdí á fi máa dùn wá," ni àgbà wọn wí.

"Kí ni aáwọ̀ tó wà láàrin ẹ̀yin àti ọ̀gá yín?"

"Ó ń hanrun."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kọ nǹkan. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹni tó kéré jù nínú wọn, ọkùnrin kan tí eyín rẹ̀ ní èjí, tí mo fi ọdún márùn-ún jù lọ, ju ìdì òwú kan sí ẹsẹ̀ mi.

"Yunifásítì, bá mi ká èyí."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. "Èmi? Ṣé o mọ ọdún tí wọ́n bí mi?"

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí òfì. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà. Igi ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku rédíò nìkan. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìròyìn ló ń kà.

Àgbà wọn ló là á yé mi. "Níbí, a kì í ka ọjọ́ orí. Ọjọ́ tí o wọlé la ń kà. Ẹni tó bá ṣáájú rẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ ni, ì báà jẹ́ àná ló dé. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń ká òwú. Èmi náà ká òwú fún àbúrò tí mo ti gbé pọ̀n rí."

"Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, sà."

"Kí lo wá kọ́ nígbà náà?"

Mo sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá ìrun ọ̀sán. Mo ka fọ́ọ̀mù náà fún wọn: ọ̀gá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

"Èmi kọ́ nìyẹn," ni wọ́n wí, omi ń kán ní irùngbọ̀n wọn. "Eléèjí ni, òun ló dé gbẹ̀yìn kí o tó dé. Ó ka ìwé mẹ́fà, ó mọ̀wé kọ. Lọ bá a."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò tó ń ti Ṣakí bọ̀, tí awakọ̀ rẹ̀ máa bá mi gbé fọ́ọ̀mù náà lọ sí Ìbàdàn, òwúrọ̀ ọ̀la ló ń kọjá o!"

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o tètè lọ."

Mi ò lọ. Ojú ń tì mí. Olùkọ́ wa ti kọ́ wa ní gbogbo ohun tó ń fa ìyanṣẹ́lódì. Ìgbéraga akẹ́kọ̀ọ́ kò sí níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ilé òfì. Mo gbálẹ̀, mo pọnmi. Bí eléèjí ṣe yọjú, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n."

Mo rí i pé ẹ̀rín ń pa á, ṣùgbọ́n ó fún ẹnu pọ̀. "Ṣé dáadáa lo jí?" Ó nawọ́ sí ìdì òwú àná. Mo ká a, ó lọ́ pọ̀. Mo tú u, mo tún un ká, ó tún lọ́. Mọ́tò dé oríta, ó ń fọn fèrè pe èrò, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú náà tagbáratagbára. Ó bá lóṣòó tì mí, ó fi òwú sí àárín àtàǹpàkò àti ìka mi kejì.

"Má fà á. Jẹ́ kó máa wá fúnra rẹ̀."

Nígbà tí mo ká ìdì náà tán, ó gbé e sókè han àwọn yòókù tó ti jókòó. Àgbà wọn mi orí, igi rẹ̀ ró, ti èkejì dáhùn.

"Báírò dà?"

Ó kọ orúkọ rẹ̀ gbọọrọ síbi tí wọ́n ti ní kí ọ̀gá kọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ yọ síta. Níbi tí wọ́n ti bèèrè irú òṣìṣẹ́ tí mo jẹ́, ó kọ ọ́ pé: Kò tíì mọ̀ ọ́n. À ń kọ́ ọ.

Ó nà án sí mi. "Sáré gbé e fún awakọ̀, kí mọ́tò tó lọ. Kí o sì tètè padà o. Ìdì mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀."