Tíṣà Tó Kúnlẹ̀ Nítorí Odò

"Ta ló ń jẹ ta ni?" Báyìí ni tíṣà wa obìnrin ní Ìwó ṣe máa ń bi àwa ọmọ kíláàsì kẹrin, bí a bá ti yí ìgò ńlá tí wọ́n kó ẹja wẹ́wẹ́ àti ewé òṣíbàtà sí ká. Lọ́dún tí ọ̀dá dá, odò tí a ti kó wọn ń gbẹ, bàbá mi sì fẹ́ gé igi etí rẹ̀ láti dáko. Tíṣà wá sílé wa, wọ́n kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí igi bá lọ, omi á lọ."

"Tíṣà, ọmọ méje ni mo bí. Kí ni kí wọ́n jẹ?"

Tíṣà ò tètè dìde.

Bàbá mi gé igi náà. Odò gbẹ tán. Iṣu oko yẹn la jẹ lọ́dún kejì. Ọ̀nà Olúpọ̀nnà tó jìn ni ìyá mi ti ń ru omi tí a fi sè é. Tíṣà ń bá ìyá mi rìn lọ síbẹ̀, wọn ò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ igi rí.