Iṣu Àtàtà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyá mi kì í fi ṣeré: àtàtà. Bí mo bá gba ipò kìíní nílé-ìwé, á ní mo gbìyànjú. Bí ọbẹ̀ aládùúgbò bá dùn dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, á ní ó dáa. Ọjọ́ tí a sin bàbá mi nìkan ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró lẹ́bàá sàréè, ó ní, "Èèyàn àtàtà ni," ó sì yí padà lọ sílé.

Lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè lọ síbi ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kábà. Ó mú iṣu kan nínú èyí tó fẹ́ fi ṣe èèbù, iṣu tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè rẹ̀. Ó nù ún mọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Fetí sílẹ̀ o. Kó o wá sọ ohun tí wọ́n bá pè é fún mi."

Mo mọ ọ̀rọ̀ tó ń retí.

Tàwọn ẹni ńlá tó ti Àbújá wá ni olóòtú ètò kọ́kọ́ pè. Ọ̀kan nínú wọn ti dúró ra àpò iṣu kan létí títì bó ṣe ń bọ̀, kò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n ṣe gbé e síwájú pẹpẹ, omi dúdú ń ro nídìí àpò náà. Òórùn gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ akọrin fi etí gèlè bo imú. Olóòtú náà fọwọ́ kan di imú tirẹ̀, ó pariwo: "Iṣu àtàtà láti ọwọ́ ọmọ àtàtà!" Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ. Àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ, àtàtà. Garawa oníke, àtàtà. Nígbà tó kan tiwa, aago ló ń wò, kò wo iṣu. "Àtàtà," ó wí, ó sì pe ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi sin ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń tu sílẹ̀ bí itọ́. Ó rí mi lára.

Tìbínú-tìbínú ni mo fi wọlé. "Okun o, Ìyé," ni mo fi kí ìyá mi, mo sì rọ́ ọ̀rọ̀ iṣu jíjẹrà náà fún un, tòórùn tàtẹ́wọ́, àti bí olóòtú ṣe pè é ní iṣu àtàtà. Ó di imú, ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

"Tèmi ńkọ́? Kí ni wọ́n pè é?"

"Àtàtà ni, Ìyé."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Kí ni mo ṣe fún olóòtú yẹn?" ó ní.